Òṣìṣẹ́ mi kì í sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni: ṣé a lè kọ́ ọ?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kékeré ni mo ní ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ mi kì í jalè, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ìwà rẹ̀ sì tutù. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò lè sọ pé rárá. Bí alágbàtà tí ó jẹ wá ní gbèsè bá tún bẹ̀ ẹ́ fún àwìn, yóò gbé búrẹ́dì fún un. Bí àbúrò ọkọ mi bá wọlé, tí ó ní òun fẹ́ gbé búrẹ́dì fún àwọn ọ̀rẹ́ òun, kò ní dá a dúró. Iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ni ó máa ń ṣe títí di alẹ́. Èmi náà, ohunkóhun tí mo bá sọ, 'Bẹ́ẹ̀ ni, mà' ni. Láìpẹ́ yìí mo ra fúláwà tí omi ti kàn. Ó rí i nígbà tí wọ́n ń já àwọn àpò náà, kò sì sọ nǹkan kan nítorí pé mo ti sanwó. Ọkọ mi ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Mo fẹ́ fi í ṣe alábòójútó, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé a lè kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ó máa sọ ọkàn rẹ̀, kí ó má sì di aláfojúdi?"

Ẹ kú iṣẹ́ ajé, mà. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín ni pé ẹ fẹ́ gbé ọmọ yìí ga, ẹ kò sì fẹ́ kí ìgbéga náà pa òun tàbí ilé iṣẹ́ yín lára. Ìbẹ̀rù yín tọ́. Ẹni tí kò lè dá alágbàtà kan lóhùn kò lè darí àwọn tí ń yan búrẹ́dì lóru, nígbà tí oorun ń kùn wọ́n, tí ooru ààrò sì ti mú inú wọn gbóná. Mo ṣe alábòójútó àwọn nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìwòsàn kan kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ní bí a ṣe ń darí ènìyàn, irú òṣìṣẹ́ yìí sì ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń ká mi lára jù, nítorí pé àwọn ni a máa ń yìn jù, àwọn náà ni a sì máa ń lò títí yóò fi rẹ̀ wọ́n pátápátá. Ìdáhùn mi ni pé a lè kọ́ ọ, ṣùgbọ́n apá tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ náà, ẹ̀yin gan-an ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ẹ ka nǹkan mẹ́rin sílẹ̀, ẹ sì fi orúkọ kan pe gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ní ti àwìn, ẹ kò sọ fún mi bóyá òfin kan wà nípa rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké tí mo ti wọ̀, òfin àwìn kò sí níbì kankan ju ẹnu ọ̀gá lọ, ọ̀gá fúnra rẹ̀ a sì máa fún ẹni tí ó bá wù ú. Alágbàtà tí ó dé ní kùtùkùtù mọ̀ pé ẹ gbé búrẹ́dì fún lágbájá lánàá láìgba owó, ó sì mọ̀ pé bí òun bá bẹ̀bẹ̀ díẹ̀ sí i, ọmọ tí ó wà ní sítọ́ọ̀ kò ní ohun tí yóò fi dá òun lóhùn. Ẹni tí kò ní òfin lẹ́yìn kò ní nǹkan mìíràn tí yóò fi gba ara rẹ̀ ju ojú ara rẹ̀ lọ, ojú ọmọ yìí kò sì le. Mo tún ní láti sọ ohun kan tí kò dùn ún sọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń gbé àwìn fún ènìyàn ni ojú ń tì. Ẹ ní kì í jalè, èmi kò sì mọ̀ ọ́n, nítorí náà n kò fi ẹ̀sùn kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé àwìn, kí ẹ wo àwọn orúkọ inú rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ oríṣiríṣi ènìyàn, tí gbogbo rẹ̀ sì wà lákọsílẹ̀, ojútì ni. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan tàbí ẹni méjì náà ni orúkọ wọn ń yí po, tí búrẹ́dì tí ó jáde sì ju èyí tí a kọ sílẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kò sì ní wò ó sàn.

Ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ yín ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí pé ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé ọmọ sítọ́ọ̀ ni ó kùnà. Ní ilẹ̀ wa níbí, ta ni òṣìṣẹ́ tí yóò dá ọmọ ilé ọkọ ọ̀gá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà? Bí ó bá ṣe é, tí ọ̀rọ̀ náà sì dé etí ìyá ọkọ yín, ṣé ẹ ó dúró tì í? Òun náà ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí, ó sì ti dá ara rẹ̀ lóhùn. Ìjà yìí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin àti ọkọ yín ni kí ẹ jókòó, kí ẹ pinnu iye búrẹ́dì tí ẹbí lè gbà lọ́sẹ̀, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ kan kò ní jáde láìsan owó, kí ọkọ yín fúnra rẹ̀ sì sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ ọmọ sítọ́ọ̀ kò ju pé kí ó ṣí ìwé, kí ó sì sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi buwọ́ lù ú níbí, Dádì ni wọ́n ní kí n máa kọ ọ́." Gbólóhùn yẹn kò lè jáde lẹ́nu rẹ̀ bí Dádì kò bá tíì sọ bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́.

Ọkọ yín ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Òtítọ́ wà níbẹ̀ dé àyè kan. Àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá máa ń wo ìwà ènìyàn lọ́nà gbòòrò márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn sì ni bí ó ti rọ ènìyàn lọ́rùn tó láti gbà fún ẹlòmíràn, láti ṣàánú, àti láti yẹra fún ìjà. A rí àwọn tí ó ti ní in lọ́pọ̀lọpọ̀ láti kékeré, kì í sì í tètè yí padà. Ṣùgbọ́n ìwà ènìyàn lápapọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ó lè kọ́ láti máa ṣe níbì kan pàtó, lórí ọ̀rọ̀ kan pàtó. Joseph Wolpe, dókítà àìsàn ọpọlọ tí wọ́n bí ní Gúúsù Áfíríkà, wà lára àwọn tí ó fi èyí ṣe ìtọ́jú, ó sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní ọdún 1958. Ìpìlẹ̀ ọ̀nà náà kò ṣòro: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ kéré jù, ẹ fi ẹnu ṣe ìdánrawò rẹ̀ kí ẹni náà tó lọ pàdé rẹ̀ lójú ayé, kí ìyẹn sì mọ́ ọn lára kí ẹ tó gun èyí tí ó le jù ú lọ. N kò tíì rí ọ̀nà mìíràn tí ó ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Ní òpin rẹ̀, ọmọ yín yóò ṣì jẹ́ oníwà tútù. Kò ní di ẹlòmíràn, ẹ má sì retí rẹ̀.

Ohun tí ó pa á lẹ́nu mọ́ kò pin sí ìwà rẹ̀. Ẹ ronú sí ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ni ó mú un wá, bóyá ọ̀rẹ́ ìyá yín tàbí ẹni tí ẹ jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbèsè ọpẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀ tí ó ń rù wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, nítorí pé bí ó bá bí yín nínú, ojú ẹni tí ó mú un wá yóò gbà á tì. Ẹ fi kún un pé ìlú tí ó ní yunifásítì láti ọdún 1990 ni a wà, àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé ń jáde níbẹ̀ lọ́dọọdún, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ń wọlé lóṣooṣù kò sì kárí wọn, ó sì mọ iye ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní agbo ilé ńlá ti mọ̀ tipẹ́ pé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ó bá dá sí i, ohun tí wọn yóò bi í ni pé ta ni ó pè é sí i. Lékè gbogbo rẹ̀, àwa ọ̀gá ni a ń sanwó fún ìdákẹ́jẹ́ náà. Ẹ fúnra yín kọ ọ́ pé ìwà rẹ̀ tutù, ó sì dá mi lójú pé ẹ ti sọ ọ́ sí etígbọ̀ọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí a ń yìn nítorí pé kì í janpata, ẹ̀rù yóò máa bà á láti janpata.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àṣà wa kò gba kí ọmọdé ta ko àgbà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, níbi tí a ti mọ ọ̀wọ̀ ọba jù, àwọn ìjòyè méje tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ni iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gba Aláàfin nímọ̀ràn àti láti ká a lọ́wọ́ kò bí ó bá ń ṣi agbára lò. Agbára wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ọmọ sítọ́ọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní Baṣọ̀run ń rí ọba fín nígbà tí ó bá sọ òótọ́ fún un. Mo rántí nọ́ọ̀sì kan tí kò tíì pẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ìwé oògùn ọmọ ọwọ́ kan dé ọwọ́ rẹ̀ lóru. Ó tẹ̀lé dókítà àgbà náà dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó na ìwé náà sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì ní, "Ẹ má bínú, sà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi wo iye tí ẹ kọ síbí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan, ó pọ̀ jù lójú mi." Dókítà wò ó, ó fa bírò yọ lápò, ó fagi lé e, ó sì kọ òmíràn. Kò sí ìṣẹ́jú méjì nínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ohun tí ó rí gan-an. Ìdáhùn sí ẹ̀rù tí ẹ ní nípa àfojúdi nìyẹn: àfojúdi wà nínú bí a ṣe sọ ọ̀rọ̀ àti ìdí tí a fi sọ ọ́, kì í ṣe nínú pé a sọ ọ́. Ẹni tí ó dákẹ́ fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí ó jágbe fi ẹ̀tọ́ ẹnìkejì sílẹ̀. Èyí tí a fẹ́ kọ́ ọmọ yín wà láàrin méjèèjì.

Kí n tó wá sí ohun tí ẹ ó ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí ó yí iṣẹ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú padà, tí ó sì nasẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwa oníṣẹ́ ìlera. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1978, ọkọ̀ òfuurufú United Airlines kan tí ó gbé ènìyàn 189 ń yí po lókè ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ọkàn ọ̀gá awakọ̀ wà lára ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, tí kò dá a lójú pé ó ti jáde dáadáa. Epo ń tán lọ. Igbákejì rẹ̀ àti ẹnjiníà inú ọkọ̀ rí i, wọ́n tilẹ̀ dárúkọ epo, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ ní ọ̀nà tí ọ̀gá yóò fi mọ̀ pé àkókò ti tán. Ẹ́ńjìnnì kú, ọkọ̀ já, ènìyàn 10 sì bá a lọ. Àjọ ìjọba tí ó wádìí rẹ̀ dámọ̀ràn pé kí a kọ́ àwọn ọ̀gá awakọ̀ láti máa fi ti àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ wọn ṣe nígbà tí wọ́n bá ń pinnu, kí a sì kọ́ àwọn yòókù láti máa dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀kọ́ méjì ni, ti ọ̀gá ni wọ́n sì kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹni tí a kọ́ láti sọ̀rọ̀, tí a kò kọ́ ọ̀gá rẹ̀ láti gbọ́, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ọjọ́ fúláwà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnì kan mú ìròyìn tí kò dára wá bá yín kẹ́yìn, pàápàá nígbà tí ẹ ti náwó sí nǹkan náà. Kò pọn dandan kí ẹ ti bú ọmọ yìí rí. Bí ó bá rí ojú yín nígbà tí ẹlòmíràn sọ ọ́, ó ti kà á tán. Ẹ pè é ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sọ fún un pé, "Fúláwà ọjọ́sí, èmi ni mo rà á, mo sì mọ̀ pé o rí i. N kò bínú sí ẹ. Nígbà mìíràn, kí wọ́n tó já àpò kejì, wá pè mí, bí mo bá tilẹ̀ wà láàrin àlejò." Lọ́jọ́ tí ó bá wá pè yín, ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín ni yóò pinnu bóyá yóò tún wá mọ́. Ẹ dúpẹ́ kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, bí inú bá sì ń bí yín sí ẹni tí ó tà á, ẹ gbé ìbínú náà lọ bá a níbi tí ó wà. Ẹ tún yí bí ẹ ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ padà. Bí ẹ bá ní, "A ó yan àpò mẹ́wàá lóru yìí, àbí?" ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó wà fún un. Bí ẹ bá ní, "Àpò mélòó ni agbára wa gbé lóru yìí, kí ni ó sì lè dí wa lọ́wọ́?" ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn fún un láti sọ pé yíìsì kò tó. Nínú ìlànà iṣẹ́ abẹ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2008, kí abẹ tó kan ara aláìsàn, olúkúlùkù ẹni tí ó wà nínú yàrá náà gbọ́dọ̀ dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ti jáde lẹ́ẹ̀kan, ó rọrùn fún un láti tún sọ̀rọ̀ bí ewu bá dé. Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó dáná: kí olúkúlùkù sọ gbólóhùn kan nípa iṣẹ́ alẹ́ náà, kí ẹ̀yin sì gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánrawò kàn. Ẹ kọ òfin àwìn sí pátákó, kí gbogbo alágbàtà rí i, kí ẹ̀yin pẹ̀lú má ṣe rú u. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀ ní ọ̀sán tí iṣẹ́ fúyẹ́, kí ẹ ṣe alágbàtà, kí òun ṣe ara rẹ̀. Ẹ má ṣe fi àánú ṣe é, ẹ bẹ̀bẹ̀ bí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ gan-an: "Ọmọ mi, wọ́n lé ọmọ kúrò nílé ìwé lánàá, o kì í ṣe báyìí tẹ́lẹ̀." Ẹ kọ́ ọ kí ó fèsì pé, "Mo gbọ́ yín, Mọ̀mí, ẹ pẹ̀lẹ́. Owó àná kò tíì wọlé, n kò lè gbé òmíràn jáde. Iye tí owó ọwọ́ yín bá tó ni mo lè gbé fún yín." Kí ó dúró níbẹ̀. Àṣìṣe àwọn olójútì ni pé wọ́n máa ń ṣàlàyé jù, bẹ́ẹ̀ ìdí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá sọ ni ẹnìkejì yóò rí ọ̀nà gbà yẹ̀. Yóò rẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́. Ẹ má bá a rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí ó tún un sọ. N kì í kọ́ ẹnikẹ́ni níbí láti máa wo àgbà lójú gán-án gẹ́gẹ́ bí àwọn olùkọ́ láti òkè òkun ṣe máa ń sọ. Ó lè rẹ ojú sílẹ̀, ó lè dọ̀bálẹ̀, kò sí èyí tí ó ba nǹkan jẹ́. Ohun tí mo máa ń ṣọ́ ni ìparí gbólóhùn, nítorí ibẹ̀ ni ohùn wọn ti máa ń rẹlẹ̀, tí "n kò lè gbé e" yóò dà bí ẹni ń tọrọ àṣẹ. Iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó dé orí alágbàtà. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ó ṣe kẹ́yìn, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ̀rù yín tóbi jù lójú rẹ̀.

Fún ọ̀rọ̀ tí ó lè fa òfò, ìlànà kan wà tí a ń lò láàrin àwa oníṣẹ́ ìlera: bí o bá sọ ohun tí o rí, tí wọn kò kà á sí, tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì ní ọ̀nà tí ó yé ni jù, bí wọn kò bá sì tún gbọ́, dá iṣẹ́ náà dúró tàbí kí o pe ẹni tí ó ga jù. Ẹ fún un ní àṣẹ yìí ní gbangba, lójú àwọn tí ń yan búrẹ́dì, kí ẹ sì dárúkọ ohun tí ó kàn: fúláwà tí omi kàn, ìyẹ̀fun tí kò wú, ààrò tí ó ń yọ èéfín. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ láìdárúkọ, kò ní mọ èyí tí ó tó láti sọ.

Ẹ lè rán an lọ sí ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan pẹ̀lú. N kò sọ pé kò dára, nítorí mo ń ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá kọ́ níbẹ̀ yóò kú láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bí ó bá padà sínú sítọ́ọ̀ tí nǹkan kan kò yí padà níbẹ̀. Ẹ lè pinnu pẹ̀lú pé ẹ kò ní fi í ṣe alábòójútó, kí ẹ fi owó kún owó oṣù rẹ̀ níbi tí ó wà. Ìyẹn kì í ṣe ìkùnà. Mo mọ àwọn olùtọ́jú ìwé àti sítọ́ọ̀ tí ilé iṣẹ́ dúró lé lórí, tí wọn kò fẹ́ darí ẹnikẹ́ni, tí ọkàn wọn sì balẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í, kí ẹ sì gbìyànjú láti bi í ní ọ̀nà tí kò ní fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lásán. Ní tèmi, n ó kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́ta dán an wò pẹ̀lú ẹni méjì péré lábẹ́ rẹ̀, kí n tó fún un ní orúkọ oyè kankan. Ibi kan sì wà tí ọwọ́ èmi àti ẹ̀yin kò tó. Bí ẹ bá rí i pé ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ènìyàn bá gbé ohùn sókè, tàbí pé kò lè sùn nítorí ọ̀rọ̀ kékeré ibi iṣẹ́, ó lè jẹ́ pé ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ṣáájú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín ni ó ń bá a jà. Ìdánrawò alágbàtà lè dá kún ìpayà rẹ̀. Onímọ̀ nípa ìlera ọpọlọ ni ó yẹ kí ó rí i, kí ẹ sì sọ ọ́ fún un ní ìkọ̀kọ̀, láìfi pe àìlera.

Ohun kan kù tí àwọn ọ̀gá kì í sábà múra sílẹ̀ fún. Nígbà tí ọmọ yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ má jẹ́ nípa fúláwà tàbí alágbàtà, kí ó jẹ́ nípa yín. Ó lè sọ pé owó oṣù rẹ̀ kò yí padà láti ìgbà tí ó ti dé, tàbí pé ọjọ́ Àìkú tí ẹ ní kí ó máa sinmi, ẹ máa ń pè é. Kò ní mọ̀ ọ́n sọ dáadáa, ó sì lè sọ ọ́ ní àkókò tí kò wọ̀. Ẹ má ṣe sọ pé mo ti ba ọmọ yín jẹ́. Bí ẹ kò bá ní ìdáhùn lójú ẹsẹ̀, ẹ fún un ní ọjọ́ tí ẹ ó dá a lóhùn, kí ẹ pè é fúnra yín nígbà tí ọjọ́ náà bá pé, bí ìdáhùn náà bá tilẹ̀ jẹ́ pé owó kò tíì sí, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un.